Nígbà Tí Ọmọ Káfíńtà Ń Wo Tíṣà

Ìpàdé àwọn tíṣà ló bí gbogbo wàhálà yìí. Ìpàdé ọ̀hún rí bó ṣe máa ń rí: àga ò tó, fèrèsé ò ṣeé ṣí, oorun sì ti ń gbé Tíṣà Ìtàn lọ kí wọ́n tó ṣe àmín àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà Ìṣirò jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ lọ́dọọdún, pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó máa wá kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹni náà kì í ṣàìwá. Bó bá ti dé, á bọ́ kóòtù, á ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta, kí kálukú dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà Ìṣirò ti dì mọ́ Tíṣà Ìtàn débi pé ojú ò tì í mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Màmá ò dárúkọ àlejò kankan. Màmá ni gbogbo ilé-ìwé ń pe ọ̀gá wọn, àti tíṣà àti ọmọ, títí kan bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tó dàgbà jù ú lọ fíìfíì. Obìnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè, nítorí kò tíì sí ẹni tó fún un ní ìdí tó fi yẹ kó lọ sókè.

“Lọ́dún yìí,” ni Màmá wí, “àwọn ọmọ ló máa kọ́ wa.”

Tíṣà Ìtàn jí.

“Àwọn ọmọ wo?” ló wí, bí ẹni tó jí sínú ilé onílé.

“Àwọn ọmọ tí à ń kọ́.”

Tíṣà Ìṣirò rẹ́rìn-ín kèékèé. Ó rò pé Màmá ń ṣàwàdà ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó bá gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì.

Màmá ṣàlàyé. Tíṣà kọ̀ọ̀kan máa ní ọmọ kan. Ọmọ náà á jókòó lẹ́yìn kíláàsì, á máa wò. Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa wò, tíṣà ni. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn méjèèjì á jókòó síbì kan, ọmọ á sọ ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ àti ohun tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

“Kì í ṣe ẹjọ́, kì í ṣe èébú,” ni Màmá wí. “Láràárọ̀ ni wọ́n ń wò wá. Ẹni òkèèrè tó ń wá síbí ò mọ̀ wá rí. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó mọ̀ wá.”

“Màmá, ẹ̀rù ohun tí wọ́n mọ̀ gan-an ló ń bà mí,” ni Tíṣà Ìtàn dáhùn, gbogbo yàrá sì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Ìṣirò nìkan ni kò rín, nítorí Màmá ti kọjú sí i.

“Tíṣà Ìṣirò, ẹ má bínú sí mi o. Ìṣirò ló dójú tì wá nínú ìdánwò tó kọjá. Tó bá ṣe díẹ̀, èmi fúnra mi á wá jókòó ní kíláàsì àṣekágbá, màá wò ó. Bí mo bá rí i pé ó ń lọ dáadáa, ó wà lọ́wọ́ yín. Bí mi ò bá rí i, Tíṣà Tuntun ni màá gbé e fún, ẹ̀yin á sì lọ bá wa mójú tó àwọn ọmọ kékeré.”

Tíṣà Tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pinnu ibi tó fẹ́ hù sí, yára wolẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èyí tó dun Tíṣà Ìṣirò jù níbẹ̀ nìyẹn, nítorí kò ráyè kórìíra rẹ̀.

Kíláàsì àṣekágbá! Bí wọ́n bá ní kó kó ẹrù kúrò nílé ara rẹ̀, kò níí dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti ń là. Ibẹ̀ ni ohùn àwọn ọmọkùnrin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tí àwọn ọmọbìnrin ti ń ga ju tíṣà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn òbí kan wà tí òun kọ́ ní kíláàsì yẹn, tí òun tún ń kọ́ ọmọ wọn níbẹ̀ báyìí. Kó wá lọ jókòó láàárín àwọn tó ń fi ìka ka oókan, eéjì, tí imú wọn ń dà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

*

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ìyẹ̀wù iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, píìnì lẹ́nu.

“Olówó orí mi, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tí ojú yín rí bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi?”

Ó sọ fún un. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì ń rìn káàkiri láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ bí ẹni ń wá ọ̀tá nínú wọn.

“Ọmọ ta ni wọ́n wá fún yín?”

“Ọmọ káfíńtà.”

Ìyàwó yọ píìnì kúrò lẹ́nu kó má baà gbé e mì. “Èyí tíńrín yẹn? Tí ìyá rẹ̀ mú wá síbí, tó ní apá ọ̀tún ẹ̀wù òun gùn ju tòsì lọ?”

“Òun náà ni.”

“Mo bú u lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n. Ó gùn ju tòsì lọ lóòótọ́.” Ó mi orí. “Ẹ kú ìfaradà o, Bàbá wọn.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ohùn Tíṣà Ìṣirò mì díẹ̀. “Olúwa tó dí àwọn kìnnìún lẹ́nu nítorí ìránṣẹ́ rẹ, jọ̀wọ́, dí ọmọ káfíńtà lẹ́nu.”

Ó dúró de àmín. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ìwọ ò ní ṣàmín ni?”

“Mi ò lè ṣàmín sí ìyẹn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láìlajú. “Ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ gbàdúrà mìíràn, màá dá yín lóhùn.”

*

Ọjọ́ tí ọmọ káfíńtà kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn kíláàsì, Tíṣà Ìṣirò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù nínú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó kọ́ wọn ní ìdá, bí ìdajì àti ìdámẹ́ta. Ohùn rẹ̀ kún, ṣọ́ọ̀kì ń fò lórí pátákó, eruku ń dìde bí èéfín. Ní gbogbo ìgbà tó bá yíjú padà, á béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo kíláàsì á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ààrá bá sán: “Ó yé wa, sà!” Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ṣẹ́jú wo ọmọ káfíńtà, bí ẹni ń sọ pé, ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí?

Nígbà tí àkókò ìsinmi tó, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọmọ náà fẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, bí dókítà tó fẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀.

“Sà, Màmá ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ ọ́, ọmọ mi.”

Ọmọ náà ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá, bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù bọ̀, ó ṣì ń ronú.

“Ẹ máa ń tètè dé, sà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Òmíì ńkọ́?”

“Ó tán, sà.”

Tíṣà Ìṣirò wú ikọ́. “Èyí tí kò dára wá ńkọ́? Ó pọ̀ bí?”

“Ẹ fẹ̀yìn tì dáadáa, sà,” ni ọmọ náà wí pẹ̀lú àánú.

Kò pariwo, kò sì gàn án. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wọn pákó ló ṣe ń sọ̀rọ̀, á gbé e kalẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó fa ìlà sí i. Ó ní, “Sà, ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń kọ ọ́, ọwọ́ òsì lẹ fi ń nù ún.”

“Ọwọ́ òsì ta ni?”

“Tiyín, sà. Aṣọ ìnupátákó kì í kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ ṣe ń kọ lọ síwájú ni èyí tó wà lẹ́yìn ń pa rẹ́. Àwa tá a wà lápá òsì la máa ń rí ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń rí ìparí. Tá a bá jáde, a máa ń pàdé nídìí ẹ̀rọ omi, a ó so ó pọ̀.”

“Àwọn tó wà láàárín ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn yín ni wọ́n máa ń rí, sà.”

Tíṣà Ìṣirò la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní irọ́ ni. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa ń yé wọn? Ṣé òun kọ́ ló ń bi wọ́n, tí wọ́n ń dáhùn pé ó yé àwọn?

“Ìyẹn ni ìkejì, sà,” ni ọmọ náà wí. “Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò yé òun, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló máa ń lọ sókè. Ọmọ Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ nígbà kan pé kò yé òun. Orí ‘kí là ń pè ní nọ́ńbà’ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. A ò jáde ṣeré, àwọn tó gbé búrẹ́dì wá ò rí i jẹ. Àtìgbà yẹn la ti fòfin dè é, sà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ má mọ nǹkan kan.”

Ọkùnrin náà gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lápá ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Wọ́n tún ń sọ nǹkan mìíràn nípa mi?”

“Wọ́n ní kí n má sọ ìyẹn, sà.”

“Sọ ọ́.”

“Orúkọ ni, sà. Pa-á-rẹ́. Ó ní oríkì.”

Kí Tíṣà tó dá a dúró, ọmọ náà ti dìde, ó ti káwọ́ sẹ́yìn, ó sì ki oríkì náà bí wọ́n ṣe máa ń kì í nídìí ẹ̀rọ omi:

“Pa-á-rẹ́, ọkọ ṣọ́ọ̀kì!
Akọ̀wé bí òjò, anùwé bí oòrùn.
Ọwọ́ ọ̀tún bímọ tán, ọwọ́ òsì gbé e sá lọ.
Ẹ̀yìn gbàràmù tó bo àṣírí ìdá mọ́lẹ̀!
Bó ní ṣó yé yín, ẹ tètè dáhùn,
kébi má pa wá kú sórí ìdámẹ́ta.”

Ó jókòó padà. Ẹ̀jẹ̀ ti sáré gun orí Tíṣà Ìṣirò. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ pariwo, ó fẹ́ lọ bá Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ta ló ṣe ‘ẹ̀yìn gbàràmù’?”

“Ọmọ Nọ́ọ̀sì, sà.”

“Hùn.” Kò lè purọ́, ó dára.

*

Bó ṣe délé ló kó ẹjọ́ sílẹ̀ níwájú aránṣọ. Ó ní ọmọ náà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ta ló ń fi ọwọ́ òsì nu ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń kọ, àfi wèrè?

Ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó na aṣọ dúdú kan sórí ògiri, ó fi píìnì kàn án, ó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ lé e lọ́wọ́. “Ẹ kọ́ mi ní ìdá.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ẹ kọ́ mi.”

Kíkọ́ni ò ṣòro fún un rárá. Kò pẹ́ tó ti gbàgbé ìbínú, ohùn rẹ̀ ti kún inú ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ, ó kọ, ó kọ, títí tó fi gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà. Ìyàwó rẹ̀ ti wó sórí òkìtì aṣọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń nàka.

Tíṣà Ìṣirò wo ibi tó ń nàka sí. Ọwọ́ òsì ara rẹ̀ ló rí, tó di etí ẹ̀wù oníbàárà kan mú, tó ń fi nu ògiri lọ lẹ́sẹẹsẹ, bí ìránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́. Aṣọ dúdú náà mọ́ tónítóní, àfi ìdáhùn tó kù ní ìparí.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó wá rántí ilé-ìwé tó ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, níbi tí pátákó wọn ò ju àwo ìjẹun lọ. Bí o kò bá nu ìlà kan, o ò níí ríbi kọ ìkejì. Pátákó ti di ńlá látìgbà náà, ọwọ́ òsì ò gbọ́.

“Gbogbo ọdún wọ̀nyí,” ló wí. “Gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ nu ojú, ó sún mọ́ ọn. “Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Ẹ bọ́ ṣòkòtò yẹn wá.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ mú kí àpò òsì rẹ̀ jìn sí i. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ má yọ ọ́ mọ́.”

*

Báyìí ni Tíṣà Ìṣirò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan kọ́ni. Ọwọ́ òsì ń jà nínú àpò bí ológbò tí wọ́n dì sínú àpò ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò ríbi jáde. Ọ̀rọ̀ kún pátákó láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ń wo iṣẹ́ wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú àjèjì. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Sà, ṣé ìlà kẹta wà tẹ́lẹ̀?”

Ọmọ káfíńtà ò dẹwọ́ fún un. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní, “Ẹ má bi wá bóyá ó yé wa, sà. Ẹ ní ká wá fi bó ṣe yé wa hàn yín.” Ó ní, “Ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáhùn ìbéèrè ara yín, sà.” Nígbà kan ó ní, “Òní dára,” Tíṣà Ìṣirò sì fi ìdùnnú gbàgbé ṣọ́ọ̀kì sí etí rẹ̀ délé.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà. Ó bẹ àwọn ọmọ pé bí nǹkan ò bá yé wọn, kí wọ́n sọ, òun ò níí bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ó yé wa, sà.” Òfin ṣì ni òfin.

Láàárín èyí ni ọjọ́ tí Màmá ń bọ̀ sún mọ́. Tíṣà Tuntun bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún kíláàsì yín o. Ọmọ tó ń wò mí ní mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn náà kàn ń rí ẹnu mi ni.”

“Àbúrò, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń rí. Ìwọ sàn díẹ̀.”

*

Ohun tí Tíṣà Ìṣirò ò mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ti ṣèpàdé. Ọmọ káfíńtà, tó fetí kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ló sọ fún wọn nídìí ẹ̀rọ omi pé wọ́n fẹ́ gba kíláàsì lọ́wọ́ Pa-á-rẹ́. Ẹnu ya àwọn fúnra wọn bó ṣe dùn wọ́n tó. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ní, “Kí ni Màmá máa ń fẹ́ rí?” Ẹnì kan ní Màmá fẹ́ràn kíláàsì tí ọmọ ti ń béèrè ìbéèrè, tí wọ́n ti ń sọ ọ́ bí nǹkan ò bá yé wọn. Ni wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n fagi lé òfin àtijọ́, wọ́n ṣe tuntun: lọ́jọ́ yẹn, nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ yé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Màmá wọlé, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ káfíńtà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ lórí àga kékeré náà. Tíṣà Ìṣirò ki ọwọ́ òsì bọ àpò, ó gbàdúrà sínú, ó kọ iṣẹ́ sójú pátákó: mẹ́ta, kí á fi ìdajì pín in.

“Ta ló lè sọ ohun tá a máa kọ́kọ́ ṣe?”

“Kò yé wa, sà!” ni gbogbo kíláàsì ké, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ààrá bá sán.

Tíṣà Ìṣirò gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. “Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni kò yé yín níbẹ̀?”

Ọwọ́ nà sókè bí igbó. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ dìde, ọmọ tó mọ ìdá ju bó ṣe mọ ilé wọn lọ. “Sà, kí là ń pè ní ìdajì?”

“Sà, kí là ń pè ní mẹ́ta?” ni ẹni kejì wí.

“Sà, èwo ni pín?”

“Sà,” ni ọmọ kan wí láti ẹ̀yìn, tí ìbéèrè ti tán lẹ́nu rẹ̀, “kí ni pátákó?”

Ọmọ káfíńtà ti fi ọwọ́ bo ojú. Tíṣà Ìṣirò wo Màmá. Ojú Màmá ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló burú jù. Ó rí ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kékeré, tó ń nu imú. Ó lè pariwo mọ́ wọn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó tún ojú wọn wò, ó rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, bí ẹni tó fún ni lẹ́bùn tó ń dúró kí wọ́n tú u. Ó wá yé e.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ló wí, “ẹ ṣé. Ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ó yé yín. Ẹ má purọ́ nítorí mi.”

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lápá òsì, ẹ̀rín náà sì gbòde, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Màmá, tó fi ìnujú bo ẹnu. Nígbà tó ṣe, Màmá na ọwọ́ sókè, bí ọmọ ilé-ìwé.

“Tíṣà, èmi ni kò yé ní tèmi, mi ò purọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé tá a bá fẹ́ fi ìdá pín nǹkan, ká dorí ìdá yẹn kodò, ká wá sọ ọ́ di ìlọ́po. Mo ń dorí rẹ̀ kodò, mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí ló dé? Kí ló ṣe tá a fi ń dorí rẹ̀ kodò?”

Tíṣà Ìṣirò la ẹnu. Ìdáhùn tó ti ń fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni wà lórí ahọ́n rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wo ìdáhùn náà, ó rí i pé kì í ṣe ìdáhùn.

“Màmá,” ló wí, “mi ò mọ̀.”

Tíṣà kan ṣoṣo ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá yẹn.

“Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wá a,” ló tún wí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ó gbé wọn sókè. “Mẹ́ta rèé. Ìdajì ìdajì ló wù mí kí n pín in sí. Ta ló máa bá mi ṣẹ́ ẹ?”

Ọmọ kan láàárín, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń wo ẹ̀yìn látìgbà tó ti wọ kíláàsì, jáde síwájú. Ó ṣẹ́ ìkíní sí méjì. Ó ṣẹ́ ìkejì. Nígbà tó mú ìkẹta, ó dúró.

“Sà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń di méjì.”

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Ìdajì lẹ ní ká fi pín in. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ìlọ́po méjì ló ń jẹ́!” Ọmọ náà yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti fò sókè. “Ẹ wò ó! Méjì wà nísàlẹ̀ ìdajì. Òun ló gorí!”

Ariwo sọ. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ní kò tíì dá òun lójú, kí wọ́n mú mẹ́ta mìíràn, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ó di mẹ́sàn-án. Àwọn tó wà lápá òsì kọjá sápá ọ̀tún, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń ti ara wọn, Tíṣà Ìṣirò wà láàárín wọn, ó ń béèrè, wọ́n ń dá a lóhùn, òun náà ń rí i bí ẹni pé òun ni wọ́n ń kọ́. Kò mọ ìgbà tí Màmá dìde lórí àga kékeré náà, tó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ìka ka ṣọ́ọ̀kì.

“Ọlọ́run ṣeun,” ni Màmá wí jẹ́jẹ́. “Gbogbo ayé mi, àṣé bó ṣe rí nìyí.”

Nígbà tí agogo dún, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. “Kíláàsì yín ni. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ nǹkan kan lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa kọ́ Tíṣà Tuntun bẹ́ ẹ ṣe ṣe èyí.”

“Mà, mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é.”

“Ẹ sọ ìyẹn fún un,” ni Màmá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Tíṣà Ìṣirò tètè rìn. Bó ṣe ń gba abẹ́ àtẹ̀gùn kọjá ló rí ọmọ káfíńtà lórí bẹ́ǹṣì, tó jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà lọ sílé ẹjọ́.

“Kí ló tún dé, ọmọ mi? Wọn ò gba kíláàsì lọ́wọ́ mi mọ́, o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, sà. Màmá ló pè mí. Wọ́n ní látọ̀la, kí n máa wo àwọn náà, tí wọ́n bá ń bá gbogbo ilé-ìwé sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Kí n wá sọ ohun tí mo bá rí fún wọn ní ọ́fíìsì.” Ó gbé ojú sókè, ojú náà ti pọ́n. “Sà, ọ̀rọ̀ wọn gùn láàárọ̀ yìí débi pé ọmọ méjì dákú sórí ìlà.”

Tíṣà Ìṣirò jókòó tì í. Ó ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

“Kọ́kọ́ sọ ohun tó dára,” ló wí níkẹyìn.

“Kí ni, sà?”

“Ìyẹn ni ká jọ wá báyìí,” ni Tíṣà Ìṣirò dáhùn, ó sì bá a gbọ́wọ́ lé orúnkún.